Kádàrá Kọ́ Ló Ti Ibodè

Àwọn àgbà ló sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì jiyàn rẹ̀ rí. Ní ilé tiwa, bí ẹnìkan bá rẹ́ ọ jẹ, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni wàá kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Bí apá olórí ẹbí kò bá ká a, ó di ọ̀dọ̀ báálẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù. Bí kò bá tún yanjú níbẹ̀, a ó ní kí olúwarẹ̀ fi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Kóòtù ní tiwa, ibi tí owó ń gbà sọnù ni, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀tá ti ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá jẹ́ pé àṣẹ ìjọba ló dí ọ lọ́nà ńkọ́? Báálẹ̀ wo ni yóò ránṣẹ́ pe ìjọba kó wá rojọ́? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí. Orí ara mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tó kàn ló mọ̀.

Aṣọ àdìrẹ ni èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ń tà. Ìbàfò ni a ń gbé ní ọdún 2003, nígbà tí ilé kò tíì kún ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn bí ó ti kún lónìí. Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni a ti ń ra aṣọ, a ó gba Ifọ̀ kó o wá sí Èkó, a ó sì máa tà á káàkiri. Ní ọdún náà, ẹbí kan ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ní kí a bá wọn wá ọgọ́fà àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe aṣọ ẹbí yìgì ọmọbìnrin wọn. Mùsùlùmí bíi tiwa ni wọ́n, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Wọ́n san ìdajì owó sílẹ̀. Mo yá ìyókù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mọ́ṣáláṣí wa, mo fún aláró níṣẹ́, aláró sì ṣe é dára. Irú ọjà báyìí kì í wá lójoojúmọ́. Ìyàwó mi ti ń ka èrè rẹ̀ mọ́ owó iléèwé àwọn ọmọ.

Mo gbéra ní oṣù kẹjọ. Mo dé Èkó, mo gba Àgbádárìgì, mo dé Sẹ̀mẹ̀. Kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mo ti rí i pé nǹkan ṣe. Èrò pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń lọ síwájú. Ìjọba Nàìjíríà ti ti ibodè òun àti Bẹ̀nẹ̀ pa. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn adigunjalè àti àwọn onífàyàwọ́ ń gba ibẹ̀ kọjá, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò sì ṣe tó láti dá wọn lẹ́kun. Bóyá òótọ́ ni. Èmi kò ja ẹnikẹ́ni lólè, n kò sì ṣe fàyàwọ́. Àdìrẹ ni mo dì lẹ́rù, ìwé rẹ̀ sì wà lápò mi.

Mo sun Sẹ̀mẹ̀ fún òru mẹ́ta. Lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù kan ni a ń sùn sí, èmi àti àwọn àjèjì tó di ará. Dẹ́rẹ́bà ará Gánà kan wà láàárín wa tó ń dárí lọ sílé. Obìnrin mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọ́n kó ata àti tòmátì láti ìhà Ifọ̀. Ní ọjọ́ kejì, omi ti ń jáde nínú apẹ̀rẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ibẹ̀. A jọ ń ṣe àlùwàlá nínú kẹ́tù kan ṣoṣo, a sì jọ ń kírun. Lẹ́yìn ìrun ni àwọn obìnrin náà máa ń jókòó tì mí, nítorí pé láwàní wà lórí mi, èmi ni wọ́n sì ń pè ní Àfáà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ni ohun tí ó gbé mi dé ìdí kíkọ ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan ń rìn kiri pẹ̀lú ìwé eléwé púpọ̀ bíi ti ọmọ iléèwé. Ó ń kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́ tàbí tí àdéhùn rẹ̀ fọ́, àti iye tí ó jẹ́. Ó ní òun fẹ́ gbé e fún lọ́yà, pé àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ wa ti bá ara wọn ṣe àdéhùn tipẹ́ pé ènìyàn àti ọjà yóò máa kọjá láìsí ìdíwọ́. Ó na bírò sí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni í bá ìjọba ṣẹjọ́? Kádàrá ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù.” Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́rin náà ti na ọwọ́ sí bírò. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Àwọn mẹ́ta yòókù kò tilẹ̀ dìde mọ́. Ọkùnrin náà wò mí, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì lọ bá àwọn ẹlòmíràn.

Mo padà sí Ìbàfò pẹ̀lú ẹrù mi. Yìgì kọjá ní Àjàṣẹ́, wọ́n fi aṣọ mìíràn ṣe é. Ẹbí náà ní kí n dá ìdajì owó wọn padà, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Àdìrẹ ọgọ́fà tí a fi irú iṣẹ́ ọnà kan náà ṣe, ta ni yóò rà á lẹ́ẹ̀kan? Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo ń tà á ní iye tí kò tó iye tí mo rà á. Ìyàwó mi ta yẹtí wúrà tí ìyá rẹ̀ fún un. Ó gbà wá ní ọdún méjì kí a tó san gbèsè ẹgbẹ́ tán. Ní ọjọ́ tí ó ta yẹtí yẹn, mo fẹ́ tù ú nínú, mo ní, “Kádàrá ni, ìyá Ràṣídà.” Ó dá mi lóhùn pé, “Kádàrá kọ́ ló ti ibodè, bàbá Ràṣídà. Ènìyàn ló tì í.” Mo bá a wí pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò yẹ Mùsùlùmí. Ó dákẹ́. A kò sọ ọ́ mọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba tún ti ibodè orí ilẹ̀. Àtìpa ti ìgbà yìí pẹ́: ó di ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí a ṣí Sẹ̀mẹ̀ àti àwọn mẹ́ta mìíràn. A ti kó lọ sí Mówè nígbà náà. Àwọn oníṣòwò nínú ìjọ wa ń ráhùn, ni ẹgbẹ́ bá pe ọmọ wa kan tó ti di lọ́yà kó wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ojú wa ni ọmọ náà ṣe dàgbà, níbí ló ti ka Àlùkùránì. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń tògbé. Ó dé ibì kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú mi là.

Ó ní ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Afọlábí Ọlájídé ní àdéhùn ọjà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ó dé Sẹ̀mẹ̀, ó bá ibodè ní títì, àdéhùn rẹ̀ sì fọ́. Kò lọ sílé lọ jókòó. Ó pe orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ECOWAS tó wà ní Àbújá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí kí n ṣàlàyé ilé ẹjọ́ yìí bí lọ́yà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ọdún 1975 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní ìlú Èkó. Ní ọdún 1979, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láìsí ìdíwọ́. Ní ọdún 1991, wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ilé ẹjọ́ wọn sílẹ̀. Síbẹ̀ ó di ọdún 2001 kí àwọn adájọ́ àkọ́kọ́ tó búra. Ilé ẹjọ́ wà, àga wà, aṣọ adájọ́ wà, ẹjọ́ ni kò sí. Ẹjọ́ Afọlábí yìí ni ó kọ́kọ́ fún wọn ní ìdájọ́.

Ìdájọ́ náà jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2004. Afọlábí kò rí àre gbà. Àwọn adájọ́ kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe sí i dára. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìwé tí ó dá ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀ kò fi àyè gba ènìyàn lásán láti wá pẹjọ́ níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè àti àwọn àjọ ECOWAS nìkan ni ilẹ̀kùn ṣí fún. Bí ọmọ orílẹ̀-èdè kan bá ní ẹ̀dùn ọkàn, ìjọba rẹ̀ ni yóò bá a pẹjọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nàìjíríà ni Afọlábí pè lẹ́jọ́. Bí yóò bá wọ ilé ẹjọ́ náà, Nàìjíríà ni yóò bẹ̀ pé kó bá òun pe Nàìjíríà lẹ́jọ́! Gbogbo mọ́ṣáláṣí rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́yà ní, “Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ibi tí ẹjọ́ Afọlábí parí sí kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.” Ó ní ìdájọ́ yẹn fi hàn gbogbo ayé pé ilé tí a kọ́ kò ní ilẹ̀kùn. Àwọn amòfin àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbé e kiri, àwọn adájọ́ náà fúnra wọn sì fẹ́ kí a tún òfin ọ̀hún ṣe. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, kò tó ọdún kan lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí òfin tuntun. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni tí orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ lójú lè fúnra rẹ̀ pẹjọ́. Kò di dandan kó kọ́kọ́ lo gbogbo kóòtù ilé tán. Kò ní san owó ìpẹjọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi orúkọ pa mọ́, ẹjọ́ náà kò sì gbọdọ̀ ti wà níwájú ilé ẹjọ́ àgbáyé mìíràn. Ìwé tí àwọn adájọ́ sábà máa ń gbé ìdájọ́ kà ni Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1981. Nàìjíríà ti sọ ìwé náà di òfin ilé láti ọdún 1983.

Níbi tí mo jókòó sí ni mo ti rí ọkùnrin oníwèé yẹn lójú inú mi. N kò sọ pé òun ni Afọlábí. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì bi í. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ tí èmi ń sọ pé ta ni í bá ìjọba ṣẹjọ́, ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ bíi tèmi ṣẹlẹ̀ sí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹjọ́, ó pàdánù, ìpàdánù rẹ̀ sì di ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn.

Ta wá ni ó gba ilẹ̀kùn náà wọlé? Lọ́yà sọ ìtàn obìnrin kan, Hadijatou Mani Koraou, ará orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Ọmọ ọdún méjìlá ni ní ọdún 1996, nígbà tí wọ́n tà á fún ọkùnrin kan ní 240,000 owó sẹ́fà. Ọkùnrin náà ti ní ìyàwó mẹ́rin. Ó mú ọmọ yìí gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń pè ní wàhàyá níbẹ̀, ìyẹn ẹrúbìnrin tí wọ́n ń kà mọ́ ìyàwó karùn-ún. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé láìgba kọ́bọ̀, ó sì bímọ fún un. Ní ọdún 2005, ọkùnrin náà fún un ní ìwé ìdásílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà fẹ́ lọ, ó ní kò lè lọ, pé ìyàwó òun ni. Obìnrin náà fẹ́ ẹlòmíràn. Kóòtù ilé wọn bá ní ó fẹ́ ọkọ méjì pọ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, òun àti arákùnrin rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ojú tì mí bí mo ti ń gbọ́ ọ. Gbogbo wa la mọ iye ìyàwó tí Islam fàyè gbà, a sì mọ bí ẹ̀sìn wa ti ka dídá ẹrú sílẹ̀ sí iṣẹ́ láádá ńlá. Àwọn kan fi aṣọ ẹ̀sìn bo ìwà tí kò ní orúkọ nínú ẹ̀sìn, kò sì sí ẹni tó bá ọmọbìnrin yìí ṣí aṣọ náà. Àwọn baba ńlá wa ti sọ ọ́ pé ibi kò jù ibi, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Hadijatou gbé Nìjẹ̀r lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS. Àwọn adájọ́ kúrò ní Àbújá, wọ́n lọ jókòó ní Niamey ní oṣù kẹrin ọdún 2008 kí òun àti àwọn ẹlẹ́rìí lè ráyè sọ ẹnu wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n ní ẹrú ni wọ́n fi í ṣe lóòótọ́, àti pé ìjọba Nìjẹ̀r jẹ̀bi nítorí pé kò dáàbò bò ó. Wọ́n ní kí ìjọba san mílíọ̀nù mẹ́wàá owó sẹ́fà fún un. Ìjọba Nìjẹ̀r sì san án.

Bí lọ́yà ti jókòó, Àfáà wa àgbà dìde. A rò pé àdúà ìparí ni yóò ṣe. Ó ní rárá, òun fẹ́ rán wa létí ohun kan. Ó ní kí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó di òjíṣẹ́, oníṣòwò kan láti Zabīd ní ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀nì kó ọjà wọ Mẹ́kà. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá ìlú ra ọjà náà, ó kọ̀ kò sanwó. Àlejò yìí lọ bá àwọn ìdílé tó lágbára, wọ́n lé e. Kò ní ẹbí ní Mẹ́kà, kò ní báálẹ̀. Ó gun orí òkè Abū Qubays, ó ké sí gbogbo ìlú. Àwọn kan gbọ́, wọ́n pàdé ní ilé ʿAbdullāh ọmọ Judʿān, wọ́n búra pé àwọn yóò máa dúró ti ẹni tí a rẹ́ jẹ, ì báà ṣe onílé, ì báà ṣe àlejò, títí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò fi padà sí i lọ́wọ́. Wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà fún un. Ànábì wà níbi ìbúra yẹn ní ọ̀dọ́. Lẹ́yìn tí ó di òjíṣẹ́, ó ṣì ń yìn ín, ó sì fi yé àwọn ènìyàn pé bí a bá pe òun sí irú rẹ̀ nínú Islam, òun yóò jẹ́ ìpè náà. Hilfu l-Fudūl ni wọ́n ń pe ìbúra ọ̀hún. Àfáà ní, “Ọmọ wa tó jẹ́ lọ́yà kò mú nǹkan àjèjì wá. Ibi tí ẹni tí kò ní ẹbí ti lè ké, kí wọ́n sì gbọ́, ni ó ń sọ.” Ó wá wo gbogbo wa yíká, ó ní, “Ẹni tó ní kí àlejò yẹn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kó lọ ṣe sùúrù, ẹgbẹ́ ta ni ó wà?”

N kò rò pé ó mọ̀ pé èmi ni ó ń bá wí.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan dìde, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ gba owó orí ilẹ̀ kan náà lọ́wọ́ òun níhìn-ín ní Mówè, ṣé òun náà lè gbé wọn lọ sí Àbújá? Ẹ ò rí i pé ìbéèrè gidi nìyẹn. Lọ́yà ní, “Rárá o, Màmá. Orílẹ̀-èdè ni a máa ń pè lẹ́jọ́ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, a kò lè pe ènìyàn tàbí ẹbí. Ọ̀rọ̀ tiyín, kóòtù ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ín, ìpínlẹ̀ wa sì ti ní òfin láti ọdún 2016 tó de àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀.” Ó tún kìlọ̀ fún wa pé ilé ẹjọ́ ECOWAS kì í ṣe ibi tí a ti ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ kóòtù ilé. Ohun tí ó máa ń bèèrè ni pé, ṣé orílẹ̀-èdè yìí pa àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí ó fọwọ́ sí mọ́, àbí kò pa á mọ́?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí sí i, n kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ilé ẹjọ́ àgbáyé kì í ṣe ilé ọlọ́run. Ní ọdún 2005 kan náà tí ilẹ̀kùn ṣí ní Àbújá, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù kò dá Leyla Şahin láre, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí yunifásítì ní Tọ́kì kò jẹ́ kó wọ híjáábù wọ yàrá ẹ̀kọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà níbí ni ó dá àwọn ọmọbìnrin wa ní Èkó láre lórí híjáábù ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022. Ẹ ò rí i pé adájọ́ òkèèrè kò fi gbogbo ìgbà sàn ju ti ilé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo orílẹ̀-èdè Gámbíà, aládùúgbò wa kékeré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, òun ló dìde pe Myanmar lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn Mùsùlùmí Rohingya. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn adájọ́ pàṣẹ fún Myanmar láti dáàbò bo àwọn ènìyàn náà bí ẹjọ́ ti ń lọ. Gámbíà jìnnà sí wọn, kò bá wọn tan, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ta ni í bá orílẹ̀-èdè ṣẹjọ́.

Ìṣòro tó tóbi jù ni mímú ìdájọ́ ṣẹ. Ilé ẹjọ́ ECOWAS kò ní ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2010, lórí ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ SERAP pè, ó dá a pé ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìjọba kò sì lè fi owó tí wọ́n jí lápò ẹ̀kọ́ ṣe àwáwí. Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìbàfò ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ yóò ṣì rí ọmọ tó gbé omi inú ọ̀rá lérí, tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Àwọn tó ń darí ilé ẹjọ́ náà pàápàá ti ráhùn ní gbangba pé ọ̀pọ̀ ìdájọ́ wọn ni àwọn orílẹ̀-èdè kò mú ṣẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Nìjẹ̀r, Málì àti Bùkínà Fásò jáde nínú ECOWAS. Orílẹ̀-èdè Hadijatou gan-an ti kúrò lábẹ́ àdéhùn tí ó gba Hadijatou là. Ilẹ̀kùn tí ènìyàn fi ìpàdánù ṣí, ènìyàn tún lè tì í.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mo délé lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo bá ìyàwó mi nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. Mo ní, “Ìyá Ràṣídà, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ta yẹtí?” Ó ní òun rántí. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ jàre. Ènìyàn ló ti ibodè.” Kò dáhùn. Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i, ó wá ní, “Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin aláta wọ̀nyẹn ńkọ́?” Mo ti sọ ti àwọn obìnrin náà fún un ní ọdún 2003, bí ẹni ń sọ àrà tó dá. Òun kò gbàgbé wọn.

N kò mọ ibi tí wọ́n wà. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ka ìwé yìí, tàbí tí ọmọ wọn bá kà á sí wọn létí, èmi Àfáà onílàwàní tó sùn lábẹ́ páànù ní Sẹ̀mẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Mo pe ìbẹ̀rù mi ní sùúrù, mo sì fi kọ́ yín. Mo gbà pé kádàrá wà, láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni rere àti búburú. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ nínú kádàrá kò ní kí a má kọ orúkọ wa sínú ìwé. Afọlábí náà lè gba kádàrá gbọ́ kó sì tún pẹjọ́. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni yóò wá pè ní kádàrá.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ máa tọ́jú rìsíìtì àti ìwé àdéhùn yín. Ẹni tí kò ní ìwé, adájọ́ kò rí i. Ẹ má kánjú lọ sí kóòtù lórí ohun tí ìpàdé ẹbí lè parí. Òwe àwọn àgbà ṣì wà lórí ìdúró rẹ̀ láàárín èmi àti aládùúgbò mi. Ṣùgbọ́n èmi àti ìjọba kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí kóòtù yóò tú ká. Àdéhùn ló wà láàárín wa, àdéhùn sì ni a máa ń béèrè. Bí o kò bá lè pẹjọ́ fúnra rẹ, má di ọwọ́ ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ mú. Èyí tó dùn mí jù nìyẹn, ó sì dùn mí ju ọgọ́fà àdìrẹ lọ.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a wà lára àwọn tí yóò gbọ́ nígbà tí àlejò bá ké lórí òkè. Àmín.